Ta Ló Yẹ Kí Ojú Tì Nínú Họ́ọ̀lù Ìdánwò?

(Àwọn tí ò ráyè wá sí faculty week ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́, mo kàn yọ ibi tí iná ti lọ tí mo ń pariwo kúrò.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àbúrò mi. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ jẹ́ lẹ́kíṣọ̀, tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo dúpẹ́ pé ẹ wá. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ojú táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ìwé jíjí wò nínú ìdánwò, mo sì ti pinnu láti ilé pé mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò pẹ̀lú "ẹ má jíwèé wò o, kò dáa", torí ẹ ti mọ̀ pé kò dáa. Mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bi pé ṣé ìwé jíjí wò dáa, tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ẹni tó mọ̀ pé kò dáa yẹn náà ló ń ṣe é, ó ṣe é láàárọ̀, ó lọ sí fellowship tàbí àsàlátù tó bá yá, àyà ẹ̀ ò sì já rárá.

Èrò tèmi rèé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó máa ṣàlàyé: nílé ìwé wa, ìtìjú ti kúrò lára ẹni tó ń jíwèé wò, ó ti bọ́ sára ẹni tí kò fẹ́ fúnni wò.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá fi ọwọ́ bo pépà ẹ̀ nínú họ́ọ̀lù, kí lẹ máa ń pè é? Ahun. Ọ̀dájú. Anìkànjọpọ́n. "Ó rò pé òun nìkan ni màmá òun bí." Tí ẹ bá jáde tán, ẹnì kan á ti gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí WhatsApp, àwọn kan ò ní kí i mọ́, tí handout tuntun bá jáde wọn ò ní sọ fún un, títí kan ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ẹ̀ gidi ni. Ẹni tó wá fi orijo, ìyẹn pépà ìdánwò tó ti jò, ránṣẹ́ sí gbogbo kíláàsì ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò ńkọ́? Òun ni èèyàn rere. Òun lẹ máa dìbò fún tó bá fẹ́ di class rep. Tí wọ́n bá sì mú un, gbogbo kíláàsì ló máa lọ bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n á ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó kàn fẹ́ràn èèyàn jù ni.

Ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ wa pé ká máa ran ara wa lọ́wọ́, pé àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, pé ẹni tó bá ń dá jẹ nìkan èèyàn burúkú ni, gbogbo ẹ̀ la kó wọ họ́ọ̀lù ìdánwò. Ìwà dáadáa la fi ń ṣiṣẹ́ burúkú, ìdí sì nìyẹn tó fi ṣòro láti bá a jà, torí tó o bá ń bá olè jà gbogbo èèyàn á tì ẹ́ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n tó o bá ń bá ọmọ tó ń ran ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́ jà, ìwọ ni wọ́n máa bi léèrè pé kí ló dé tí inú ẹ le tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa o. Láti 1914 ni pépà ìdánwò Cambridge ti jò ní Nàìjíríà. Èyí tí àwọn òbí yín mọ̀ jù ni ti WAEC ní 1977, tí wọ́n ń pè ní Expo 77, pépà wà nígboro kó tó dé họ́ọ̀lù, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀, Adájọ́ Ṣógbẹ́tun ló ṣe olórí ẹ̀. Nígbà táwọn ṣọ́jà wá dé, wọ́n gbé Decree 20 jáde ní 1984, ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú màgòmágó ìdánwò, ẹ̀wọ̀n ọdún 21. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ọdún 21. Ó ju ọdún tí ọ̀pọ̀ yín níbí tíì lò láyé lọ.

Ṣé ó dáwọ́ dúró? Kò dáwọ́ dúró. Ẹ wò ó, lẹ́kíṣọ̀ wo ló máa rí ọmọ ọdún 19 tó ki bébà bọ inú sọ́ọ̀kì, tó máa fẹ́ kí ọmọ yẹn lo ọdún 21 lẹ́wọ̀n nítorí bébà? Á já a gbà, á bú u, á ní kó máa kọ ìyókù lọ. Ìyà tó bá pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ̀ fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di 1999, wọ́n dín in kù sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí 4. Ìyẹn náà, mélòó lẹ mọ̀ tó ti ṣe é? Òfin wà nínú ìwé, àwa ń bá tiwa lọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn òyìnbó ò ní i. Ní 1964, William Bowers ní yunifásítì Columbia béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 5,000, ní ilé ìwé gíga 99 ní Amẹ́ríkà, nínú mẹ́rin, mẹ́ta ló gbà pé àwọn ti ṣe ọ̀kan tàbí òmíràn rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá gba iṣẹ́ yẹn ṣe, Donald McCabe ní yunifásítì Rutgers, ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1990, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Nínú iṣẹ́ tí òun àti Linda Treviño gbé jáde ní 1993, ohun tó lágbára jù lórí akẹ́kọ̀ọ́ ni ohun tó rò pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń ṣe. Ó lágbára ju bí ìyà ṣe le tó lọ, ó lágbára ju ẹ̀rù pé wọ́n lè mú òun lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, torí gbogbo ohun tá a ń ṣe níbí, orí ìyà la kó o lé, a ń pọ̀ sí i ní ìyà, a ń pọ̀ sí i ní invigilator, a ń tú ọmọ èèyàn wò lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí ẹ̀ ń sọ fún ara yín ní hostel.

Ohun tí ẹ̀ ń sọ fún ara yín yẹn gan-an ni mo fẹ́ dé. Mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n mú, mo ti rí ìyá tó kúnlẹ̀, mo ti rí bàbá tí kò lè sọ̀rọ̀, nǹkan tí èèyàn ò lè gbàgbé ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, àfi bíi pé wọ́n jọ kọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ méjì kan, Gresham Sykes àti David Matza, ti sọ ọ́ láti 1957 nígbà tí wọ́n ń kọ̀wé lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rú òfin, wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ yìí mọ òfin, wọ́n tiẹ̀ gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fi ń tu ọkàn ara wọn lójú kí wọ́n lè ṣe é: ẹ̀bi mi kọ́, mi ò pa ẹnikẹ́ni lára, ẹni tó ń bá mi wí gan-an kò mọ́, torí ọ̀rẹ́ mi ni mo ṣe ṣe é. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n? Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, àwọn òbí yín ò tíì dáyé, síbẹ̀ ó dà bí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lánàá.

Ẹ jẹ́ ká mú "ẹ̀bi mi kọ́, lẹ́kíṣọ̀ ni ò kọ́ wa". Òótọ́ wà ńbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ní 2020 ASUU lo oṣù mẹ́sàn-án nídìí ìyanṣẹ́lódì, ní 2022 wọ́n tún lo oṣù mẹ́jọ, láti February dé October, nígbà tí wọ́n sì wọlé, ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ fi oṣù mẹ́rin kà, wọ́n fún un mọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní ẹ wá ṣèdánwò. Kíláàsì GST, kọ́ọ̀sì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń ṣe, kún débi pé àwọn kan ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́yìn níbẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà làwọn kan nínú wa ń gbé jáde lọ́dọọdún, a ò tiẹ̀ yí nọ́ńbà ẹ̀ padà, a wá ń bínú pé wọ́n ní past question tó bá a mu. Àwọn kan ń ta handout, ẹni tí ò bá rà á, máàkì ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Àwọn kan ń gba sorting, owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san kó lè rí máàkì gbà. Ní 2019 BBC fi kámẹ́rà tí wọ́n gbé pamọ́ ṣàfihàn àwọn lẹ́kíṣọ̀ tó ń fi máàkì àti admission lọ àwọn ọmọbìnrin, gbogbo ayé ló rí i. Ẹni tó bá rí irú èyí, tí wọ́n wá ní kó bọ̀wọ̀ fún ìdánwò, ó ní ẹ̀tọ́ láti bi wá pé ìdánwò wo?

Nítorí náà, mo gbà pé ẹ̀bi wà lọ́rùn wa, ẹ̀bi ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè nǹkan kan, lẹ́kíṣọ̀ tí ò kọ́ yín yẹn, nígbà tẹ́ ẹ jíwèé wò, ta ló jìyà ẹ̀? Owó oṣù ẹ̀ ò yẹ̀. Rèsọ́ọ̀tì kíláàsì jáde, gbogbo yín pàs, ó ní ẹ ò rí i pé mo kọ́ wọn dáadáa. Ẹ ti bá a bo àṣírí ẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ṣe fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ìwé jíjí wò ni aṣọ tí olùkọ́ ọ̀lẹ fi ń bora, ẹ̀yin lẹ sì ń rán an fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

"Mi ò pa ẹnikẹ́ni lára" ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n sọ̀rọ̀ dókítà àti ẹ́ńjiníà báyìí, gbogbo èèyàn ló máa ń sọ ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan mìíràn. Ní ìparí 2023, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Umar Audu, ti Daily Nigerian, gbé ìròyìn jáde lórí bó ṣe gba dégrì láti ilé ìwé kan ní Kùtọnu, lórílẹ̀-èdè Benin, láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó sì tún fi lọ sin ìjọba nínú NYSC. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, dégrì! Ní January 2024 Àbújá dá gbígba dégrì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró, nígbà tó sì di August, Tahir Mamman tó jẹ́ Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ nígbà yẹn ní ìwé ẹ̀rí tó lé ní 22,000 ni wọ́n máa fagi lé. Àwọn tó ra tiwọn, ọ̀rọ̀ wọn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dùn mí ni àwọn tó lọ kàwé gidi ní Kùtọnu tàbí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), àwọn tó kọ́ Faransé láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n gba yàrá, tí wọ́n jókòó ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọ́n wá dé ibi tí wọ́n ti ń wáṣẹ́ tí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò kàn wo ìwé ẹ̀rí wọn, ó rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn ò ṣe nǹkan kan. Àwọn ni wọ́n sì fi san gbèsè ohun tí àwọn ẹlòmíì jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú kíláàsì yín níbí. Iléeṣẹ́ tó ní òun ò gba ẹni tí kò bá ní 2:1, tó tún ń fi aptitude test tiẹ̀ lé e, kí lẹ rò pé ó fà á? Kò gba máàkì wa gbọ́ mọ́ ni. Ọmọ tó kàwé títí ilẹ̀ mọ́ tó gba B ẹ̀, ẹni tó jí A wò ti sọ B yẹn di yẹpẹrẹ, ọmọ yẹn sì wà níbí báyìí, ó lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ, ó kàn jẹ́ pé kì í sọ̀rọ̀ ni torí ó mọ orúkọ tẹ́ ẹ máa pè é.

Ó wá ku "torí ọ̀rẹ́ mi ni", èyí tó le jù lójú tèmi. Ẹ wo yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ní 2012. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdánwò tí wọ́n máa gbé lọ sílé, lórí ìjọba Amẹ́ríkà, wọ́n ní ẹ lè ṣí ìwé, ẹ lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kan tẹ́ ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ ẹ bá ẹlòmíì jíròrò ẹ̀. Kíláàsì yẹn ní akẹ́kọ̀ọ́ bíi 279, nígbà tí wọ́n ń máàkì ni wọ́n rí i pé ìdáhùn ń jọra, wọ́n wádìí nǹkan bí 125, wọ́n sì ní kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sílé fún ìgbà kan. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yẹn sọ pé bí àwọn ṣe máa ń ṣe é ní kọ́ọ̀sì yẹn nìyẹn, àwọn máa ń jọ ṣiṣẹ́ ni. Ìwé wà níwájú wọn o, íntánẹ́ẹ̀tì wà, kò sí ebi, kò sí ASUU, síbẹ̀ ohun tí wọ́n kọsẹ̀ lé ni ìrànlọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé ìṣẹ́ nìkan ló ń fà á níbí.

Kí wá ni ká ṣe? Ní yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà, láti 1842 ni wọ́n ti ní àṣà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn fi ń ṣọ́ ara wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́, wọ́n sì ti fi ọdún púpọ̀ ní ìyà kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá jẹ̀bi kúrò pátápátá. Ní 2022 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn dìbò, wọ́n yọ lílé pátápátá kúrò. Ẹ ò rí i pé ó jọ ọ̀rọ̀ Decree 20 wa. Mi ò ní ká lọ kó àṣà Virginia wá síbí lódindi, ilé wọn yàtọ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n apá kan wà tó wù mí: akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ẹ ló ń sọ fún ẹ pé eléyìí, a kì í ṣe é níbí. Lẹ́nu tèmi, ẹ máa gbọ́ ọ, ẹ máa ní "bẹ́ẹ̀ ni sà", ẹ máa lọ. Lẹ́nu rúùmù-méètì yín ló ti máa dùn yín.

A sì ní ohun tá a lè fi bẹ̀rẹ̀. Tutorial tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe fún ara wọn, tí fellowship ń ṣe, tí MSSN, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, ń ṣe, tí àwọn ẹgbẹ́ department ń ṣe, ọmọ 300 level tó dúró níwájú bọ́ọ̀dù lálẹ́ tó ń ṣàlàyé MTH 101 fún àwọn àbúrò ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́ tí mo mọ̀. Mo fẹ́ kí orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa dún ju ti ẹni tó ń pín orijo lọ. Ọjọ́ àmì ẹ̀yẹ faculty yín, ẹ máa ń fún ẹni tó múra jù ní plaque, ẹ máa ń fún "most popular" ní plaque, mi ò rí i kẹ́ ẹ fún ẹni tó kọ́ ogójì èèyàn ní kẹ́místírì rí. Ẹ fún un lọ́dún yìí.

Ní tiwa lẹ́kíṣọ̀, iṣẹ́ ti tó ṣe. Ká yí ìbéèrè padà. Ká jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bébà kan wọlé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, ká wá bi í ní ohun tí kò sí lórí bébà yẹn. Próójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní business centre, Chapter One dé Five, tí wọ́n kàn yí orúkọ ìlú padà nínú ẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta lójúkojú ló máa tú u, ṣùgbọ́n a kì í béèrè, a kàn ń bu ọwọ́ lù ú torí ogún próójẹ́ẹ̀tì ló wà lórí tábìlì wa.

Ìbéèrè méjì kan wá lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán tí mo fẹ́ kọ síbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní 400 level béèrè nípa ChatGPT, ó ní láti ìgbà tó ti jáde ní November 2022 kò sẹ́ni tí kò lò ó, ṣé gbogbo wọn ló ń jíwèé wò ni? Mo ní tó o bá ní kó ṣàlàyé ohun tí ò yé ẹ, tó wá yé ẹ, tó o fi bíìrò ẹ kọ ọ́, tí lẹ́kíṣọ̀ ò sì ní kẹ́ ẹ má lò ó, mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá fi sílẹ̀ fún mi, tí mo ní dìde kó o sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara ẹ, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì, tí o ò lè sọ ọ́, iṣẹ́ ẹ kọ́ nìyẹn, o ò gbọ́dọ̀ gba máàkì ẹ̀.

Ìkejì, ọmọbìnrin kan ní 200 level, ohùn ẹ̀ kéré, ó ní tí ẹni tó wà lẹ́yìn òun bá ń fi ẹsẹ̀ gbá àga òun ńkọ́, torí ọ̀rẹ́ òun ni, àwọn jọ ń gbé yàrá kan náà, àwọn jọ ń sebẹ̀ ni. Mo ní, má jẹ́ kó dé họ́ọ̀lù kó tó mọ̀. Sọ fún un ní yàrá lálẹ́, pé "mi ò ní fún ẹ wò lọ́la, ṣùgbọ́n gbé ìwé ẹ wá, ibo ni ò yé ẹ?" Tó bá jẹ́ inú họ́ọ̀lù ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àga, má yíjú, kọ tìẹ. Tẹ́ ẹ bá jáde ó lè bínú, ó lè lọ sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì, ó lè má bá ẹ jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan. Jẹ́ kó bínú. Ìwọ ṣáà ti bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà pé pépà wo ló kàn, kẹ́ ẹ jọ kà á.